Bàbá Mi àti Àwọn Ọ́sítà Tó Wẹ̀

Ilé Àwọn Le Goaziou,
Òpópónà Etí Omi,
Port-Melen,
Bretagne.
5 Oṣù Kẹwàá, 2023.

Tifenn, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Bastien ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ Lilwenn tó kán nílé ìwé ti jinná, àbí ó ṣì ń lo ọ̀pá tó fi ń lé àbúrò rẹ̀ kiri ilé? Ẹ kú ojú òtútù tó ń bọ̀ o. Ẹ sì kú ìfaradà ní ìlú Lyon yẹn, níbi tí èèyàn ò ti lè gbóòórùn òkun bó ti wù kó na imú tó. Màmá rẹ wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n jẹ pankéèkì gálẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, wọ́n mu ife ọtí sídà méjì lé e, wọ́n wá ń ṣàlàyé fún mi pé oúnjẹ ò wọlé fún àwọn mọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú sí mi. Láti ọjọ́ Àjíǹde ni mo ti ṣèlérí lẹ́tà, o ò sì rí nǹkan kan gbà. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò fẹ́ kọ lẹ́tà ẹkún sí ọ ni. Ṣùgbọ́n ní báyìí, inú mi ń dùn débi pé ọwọ́ mi ń sáré, bóyá ni wàá lè ka ohun tí mo ń kọ. Láàárọ̀ yìí mo ń kọrin lórí ìlà níbi tí a ti ń ra búrẹ́dì, ìyàwó oníbúrẹ́dì sì bi mí bóyá mo ti mutí láago mẹ́jọ. Mo ní rárá o, àwọn ọ́sítà mi ló yè. Wá àga, kó o jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ìgbà ooru méjì gbáko ni àìsàn ti fi pa àwọn ọ́sítà wa, ẹran òkun oníkarawun tí à ń sìn láti ìran baba wa, èyí o mọ̀. Kì í ṣe àwọn kéékèèké o, àwọn kì í sábà bá a lọ. Àwọn ọlọ́dún mẹ́ta tó ku oṣù mẹ́rin péré kí wọ́n dé orí tábìlì Kérésìmesì ló ń mú. Kòkòrò kan tí ojú ò lè rí ló ń wọ inú wọn nígbà tí omi bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì máa jẹ wọ́n títí karawun wọn á fi la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Lọ́dún tó kọjá, nínú mẹ́wàá, mẹ́fà ló kú. Bàbá mi wá sọ fún mi lọ́jọ́ Àjíǹde, nídìí oúnjẹ, pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, òun á dá ibùdó tí ìjọba yá wa nínú òkun padà tí oṣù kẹsàn-án bá parí. Ó ní kí n lọ gba iṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá tó wà lójú ọ̀nà Saint-Brieuc, níbi tí mi ò ti ní máa tẹ ẹrẹ̀ mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní kí n na iyọ̀ sí òun. Tifenn, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo lọ sunkún nínú ilé ẹ̀yìn láàárín àwọn àpò òfìfo kí ó má baà rí mi.

Oṣù kẹrin ni Clélie Ardouin wọlé tọ̀ wá. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà èèyàn, àìsàn ẹran inú omi ló kọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, tí ohùn rẹ̀ kéré débi pé tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹnu rẹ̀ ni wàá máa wò kó o tó mọ ohun tó ń sọ. Ó ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ọ́sítà fún ìdánwò. Ó ní àwọn ti sin kòkòrò apani yẹn nínú ìgò níbi iṣẹ́ àwọn, àwọn sì ti fi iná sè é títí ó fi kú pátápátá. Tí a bá da òkú rẹ̀ sínú omi òkun, tí àwọn ọ́sítà sì ń mu omi ọ̀hún fún ọjọ́ kan, ara wọn á dá ọ̀tá mọ̀, á sì ti wà ní ìmúrasílẹ̀ kí ààyè rẹ̀ tó dé nígbà ooru. Ó ní ọ́sítà ò lè gba àjẹsára bíi tiwa, nítorí ara tiwọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọn kì í tètè gbàgbé ẹni tó wá jà wọ́n lógun.

Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

“Dókítà, ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Inú omi ni wọ́n bí ọ́sítà sí, inú omi ló ń gbé, inú omi ló ń sùn. Ìwọ wá fẹ́ wẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni, sà,” ni Clélie wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á wà láàárín.”

“Nínú omi òkú?”

“Òkú kòkòrò, sà.”

“Ó dáa náà. Ṣé kí n bá ẹ wá ọṣẹ àti kànrìnkàn sí i ni?”

Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ní kó rò ó bí ìgbà tí èèyàn fún ajá ní ẹ̀wù olè kó gbóòórùn rẹ̀. Ó wò mí, ó wo Pikou ajá wa tó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí ọ́sítà bá fi lè gbọ́n ju èyí lọ, ká dán an wò.

Igba àpò àwọ̀n péré, lórí àwọn tábìlì irin tí à ń tò wọ́n sí nínú òkun, ló ṣẹ́ kù fún wa nínú àwọn ńlá. Clélie pín wọn sí méjì. Ọgọ́rùn-ún gba okùn pupa, àwọn la máa wẹ̀ nínú omi òkú kòkòrò. Ọgọ́rùn-ún gba okùn búlúù, omi òkun lásán la máa kó wọn sí, kí wọ́n lè wà bí wọ́n ṣe wà. Tí àìsàn bá wá dé, tí oníbúlúù kú, tí onípupa yè, a jẹ́ pé ìwẹ̀ ló ṣe é. Bàbá mi bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó fẹ́ kí ọgọ́rùn-ún àpò kú ni. Clélie ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kú, ṣùgbọ́n tí wọn kò bá lè kú, òun ò lè mọ nǹkan kan. Bàbá ń fi àtàǹpàkò pa okùn búlúù yẹn bí ẹni ń pa orí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

A wẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì nínú àwọn táńkì tó wà lẹ́yìn ilé. Èmi àti Clélie da kẹ́ẹ̀gì òkú kòkòrò lé kẹ́ẹ̀gì sínú táńkì àwọn onípupa, a kó àpò wọlé, nígbà tó di ọ̀sán a lọ jẹun, Bàbá sì ní ebi ò pa òun, kí àwa máa lọ, òun á máa ṣọ́ táńkì. Mo rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ tuntun ti ń wọ̀ ọ́ lára ni. Áà, ká ní mo mọ̀ ni!

Ooru ọdún yìí burú. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù keje, omi ti gbóná débi pé àwọn arìnrìn-àjò láti Paris ń wọ̀ ọ́ láìkígbe. Ibi tí Hervé aládùúgbò wa ń sin tirẹ̀ ni àìsàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. O rántí òórùn ọ́sítà tó kú, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀, o lè máa jẹun lọ́wọ́. Hervé dúró sáàárín tábìlì irin rẹ̀, ó ń da àpò lé àpò sínú ọkọ̀ ìkódọ̀tí, kò gbójú sókè, Hervé tí kì í yéé ṣàwàdà! Ojoojúmọ́ tí òkun bá sá kúrò lórí ibùdó ni mò ń ṣí àpò tiwa pẹ̀lú àyà jíjá. Mo máa ń di ojú mi, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí n tó wò. Gbogbo rẹ̀ pa ẹnu dé pinpin. Onípupa yè. Mo fò sókè. Mo bọ́ sídìí oníbúlúù, àwọn náà yè.

Ìwọ náà rí ìṣòro tó wà níbẹ̀. Inú tèmi ń dùn, ṣùgbọ́n ojú Clélie ń fà ro sí i nígbàkígbà tó bá wá kà wọ́n. Ó ní tí kò bá sí ìyàtọ̀, a jẹ́ pé àìsàn ò dé ibi tiwa rárá, orí ló kó wa yọ, ìwẹ̀ ò sì tíì ṣe nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò ní fún un ní kẹ́ẹ̀gì kankan mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, ó ní bí kò bá ti sí ìwẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, àìsàn á padà wá bá wa, kí ló wá kù tí òun ń dúró ṣe. Àwọn ọ́sítà mi wà láàyè níwájú mi, síbẹ̀ ibùdó wa ń lọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, òkun sá jìnnà gan-an, Clélie wá ka ti ìkẹyìn. Ó kà á tán, ó jókòó sórí tábìlì irin pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó kọ “kò sí ìyàtọ̀” sínú ìwé rẹ̀, omijé sì ń já bọ́ sórí ìwé náà. Bàbá mi ló rìn wá láti ìdí katakata tó gbé wa wọnú ẹrẹ̀, ó ṣí fìlà.

“Ọmọ mi, má sunkún mọ́. Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹ.”

“Kí ni, sà?”

“Mo wẹ gbogbo wọn.”

A jọ ń wò ó. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ méjèèjì yẹn, nígbà tí a lọ jẹun, òun gbé kẹ́ẹ̀gì tó ṣẹ́ kù, òun sì dà á sínú táńkì àwọn oníbúlúù.

“Bàbá!” Mo fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo ẹnu. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Kí ló dé kẹ̀? Bí mo bá yí àpò kan, ṣé mi ò gbọ́dọ̀ yí gbogbo rẹ̀ ni? Bí mo bá gbọn ọ̀kan, mo gbọn gbogbo rẹ̀. Ṣé báyìí kọ́ ni mo ṣe kọ́ ẹ? Ẹ wá ní kí n fún ìdajì ní oògùn, kí n fi ìdajì sílẹ̀ fún ikú. Wọ́n ń wò mí.”

“Ọ́sítà ò lójú, Bàbá.”

“Wọ́n ń wò mí náà.”

Ìwọ tí wọ́n tọ́ ní Port-Melen, o mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Níhìn-ín, ẹni tó bá yí àpò mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kí ewé òkun má baà bò wọ́n, tó wá fi ọ̀kan sílẹ̀, gbogbo ìlú ló máa rí i tí òkun bá sá, wọ́n á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n á fi sin ín. Bàbá mi ò lè fi àpò kan sílẹ̀ láìtọ́jú rẹ̀, bí o bá tiẹ̀ na ìbọn sí i. Ṣùgbọ́n Clélie kì í ṣe ará ibí. Obìnrin tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn, ó dìde, ó figbe ta, àwọn ẹyẹ òkun fò lórí ẹrẹ̀.

“Ẹ ti bà á jẹ́! Oṣù márùn-ún! Ẹ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá, ẹ̀yin bàbá yìí!”

Bàbá mi, tí kò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́ láti ìgbà tí màmá mi ti kú, dorí kodò bí ọmọ iléèwé. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí, mi ò mọ èyí tí màá jẹ́ kó jáde. Lójijì Clélie di Bàbá mú ní apá ẹ̀wù rọ́bà rẹ̀.

“Ẹ rò ó dáadáa, sà. Ṣé gbogbo rẹ̀ pátá lẹ wẹ̀? Ṣé kò sí ẹyọ àpò kan, nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tẹ́ ẹ yọ sílẹ̀?”

Bàbá họ orí. “Rárá o. Àfi tilé.”

“Tilé wo?”

Èmi ni mo ṣàlàyé fún un, ahọ́n mi ń ta kókó. Gbogbo ilé ló ní àpò tirẹ̀, èyí tí a máa ń jẹ fúnra wa, tí a gbé sọ́tọ̀ lẹ́bàá ògiri òkúta inú òkun, tí a kì í kà mọ́ ọjà. Láti ìparí oṣù kẹrin ni a ò sì ti fọwọ́ kàn án, nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹ ọ́sítà nílé wa nígbà ooru.

“Èyí tí mo fẹ́ fi sẹ́nu ara mi ńkọ́?” Bàbá tún ń jà fún ara rẹ̀. “Kí n wá lọ rẹ òun náà sínú òkú kòkòrò? Ṣé wèrè ni mí ni?”

Clélie ti sáré lọ. Tifenn, ìbá jẹ́ pé o wà níbẹ̀! Omi ti ń padà bọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sá nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó gùn dé àyà, èmi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, Pikou ń gbó lẹ́yìn wa, Bàbá mi ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ń pariwo pé ká má fa àpò òun ya. A débẹ̀, a tú okùn. Òórùn tó jáde lù wá lójú. Àádóje ló wà nínú àpò yẹn. Mẹ́tàdínlógún ló pa ẹnu dé. Gbogbo ìyókù ti la ẹnu sílẹ̀, ẹrẹ̀ ló kún inú wọn.

Mi ò tíì rí i láyé mi kí inú ẹ̀dá dùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí òkú ọ́sítà. Clélie gbá àpò jíjẹrà yẹn mọ́ra bí ẹni gbá ọmọ tuntun mọ́ra. Àìsàn dé! Ó dé ibi tiwa, ó pa èyí tí a ò wẹ̀, kò rí àwọn tí a wẹ̀ pa! Ó fi ẹnu ko Bàbá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó tún padà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Èmi àti òun di ara wa mú, a ń jó nínú omi tó ti dé orúnkún. Hervé na ọrùn láti ibi tirẹ̀.

“Ta ló kú?”

“Tilé!” ni mo ké padà. “Gbogbo wọn!”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń jó? Ẹ̀yin Le Goaziou, orí yín ti dàrú tipẹ́!”

Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi Clélie bóyá wọ́n lè bá òun wẹ tòun náà lọ́dún tó ń bọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé ojú tì mí díẹ̀ fún ijó tí mo ń jó. Clélie kìlọ̀ fún wa o, ó ní àpò kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí tí èèyàn lè gbé lọ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, a gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà, wọ́n sì ti gbà pé kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, níbi tiwa àti ti Hervé. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun de Bàbá mọ́ àga lọ́jọ́ ìwẹ̀. Mo ti ra okùn.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án la ka gbogbo rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ́sítà, mẹ́jọ péré ló kú. Mẹ́jọ! Mo ń dúró kí Bàbá sọ pé òun ò dá ibùdó padà mọ́, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ kóòtù dúdú tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú màmá mi, ó mú àpòòwé kan dání, ó ní òun ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkun. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, pé ó ti pinnu tipẹ́, ọ́sítà ì báà kú, wọn ì báà yè. Ó padà dé nírọ̀lẹ́, ó mu ọbẹ̀ rẹ̀, ó lọ sùn. Mi ò bi í. Nílé wa, o mọ̀ pé a kì í béèrè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo jáde lọ́sàn-án nígbà tí òkun ń sá. O mọ katakata wa. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, kò sẹ́ni tó jókòó sídìí ọkọ̀ yẹn rí àfi Bàbá mi. Orí irin tó bo táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èmi máa ń há sí láti ọmọ ọdún méje. Mo dé ìdí ọkọ̀, mo rí Bàbá mi tó jókòó sórí irin táyà, ó ká ẹsẹ̀ sókè bí ọmọdé, àga awakọ̀ sì ṣófo. Ìwé kan ló wà lórí àga náà. Ìwé ibùdó wa ni, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, orúkọ mi ló sì wà lórí rẹ̀, Azenor Le Goaziou, dípò ti Bàbá.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo jókòó sórí àga náà, mo di kọ́kọ́rọ́ mú, mi ò lè yí i, nítorí mi ò ríran mọ́. Bàbá mi ń wo òkun, kò wojú mi. Nígbà tó yá, ó nu ikun imú rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ibo lẹ fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀?”

Bá mi kí Bastien, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Sọ fún Lilwenn pé tí ẹsẹ̀ bá ti jinná kó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ẹrẹ̀ rọ̀ ju ilẹ̀ Lyon lọ. Bàbá ń kí ọ, ó ní ṣé o ṣì ń sanra ni. Ẹ máa retí àpótí ọ́sítà kan kí Kérésìmesì tó dé, gbogbo wọn ló ti wẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun,

Azenor.